Igbá Eérú àti Kókó Abẹ́ Etí

Gilásígò, Skọ́tíláǹdì
Ọjọ́ 16, Oṣù Kìíní, 2000

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín lórí kápẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín tó wà nínú yàrá mi. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ bá mi kí Màmá.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí mò ń ṣe níbí gan-an, pé tí àwọn ará ìjọ bá bi yín lẹ́yìn Mísà, "Ó ń kàwé" nìkan lẹ máa ń rí sọ. Ó dáa. Láràárọ̀, mo máa ń fún sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ. Màá kọ́kọ́ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, màá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, màá wá da sípírítì lé ìbọ̀wọ́ náà títí tí yóò fi tutù lára ìka mi. Oúnjẹ wọn jẹ́ omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bíi sobo tí wọ́n bu omi là. Inú fíríìjì ló ń wà, nítorí náà màá ki ìgò rẹ̀ bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí òtútù ara rẹ̀ lè ṣí, bí Màmá ṣe máa ń tọ́jú omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ tuntun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà nínú àwo pẹlẹbẹ, nínú àpótí kan tí ooru rẹ̀ kò ju ooru ara ènìyàn lọ. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé àwo jáde. Màá fa omi àná kúrò láti etí àwo, kí n má baà kan ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà màá jẹ́ kí omi tuntun máa sun wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá kánjú dà á lé wọn lórí, wọn á ṣí kúrò nídìí àwo.

Arákùnrin tó ń jókòó sápá ọ̀tún mi máa ń kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ káàárọ̀. Kò tíì kí mi rí. Mi ò bínú, èmi náà ò kí i. Láti oṣù kẹsàn-án tí mo ti dé, bàtà àwọn ènìyàn ibí ni mo mọ̀ ju ojú wọn lọ. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi bá ní ìpàdé, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kì í bára mu.

Sẹ́ẹ̀lì ló kún ara wa, Bàbá, wọ́n kàn kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí ni. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wé àká iṣu yín. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, ẹ máa ń mú mi lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ẹ máa ń tẹ iṣu wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa ń gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ti ń rà, ẹ ó fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀ kúrò. Èmi ni mo máa ń gbé igbá eérú. Ẹ ó bu eérú lọ́wọ́ mi, ẹ ó fi pa ojú ibi tí ẹ gé. Iṣu tí kò ní pẹ́ bàjẹ́, òun ni Màmá máa ń sè lálẹ́ ọjọ́ náà. Sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá gbó nínú rẹ̀, yóò fi àpò kékeré wé e, yóò da omi tó ń yọ́ nǹkan sínú àpò náà, yóò sì fi èyí tó bá wúlò tún ara ṣe. Ó ń jẹ lára ara rẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà kún inú rẹ̀. Tí oúnjẹ bá wọ́n, ìgbà náà ló ń jẹ ẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi ebi pa wọ́n láwọn ọjọ́ kan, tí màá sì máa fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ inú ara wọn.

Ta ló ń rán wọn níṣẹ́ yẹn? Àwọn àṣẹ kan wà tí a bí mọ́ wa tí wọ́n ń pè ní jíìnì. A gba ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ bàbá, a gba ìkejì lọ́dọ̀ ìyá. Ọ̀kan nínú wọn ni olùyẹ-àká-wò. Oṣù tó kọjá yìí ni àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn, ẹ̀dà kan jíìnì yìí ti sọnù. Kò sí ẹni tó ń yẹ àká wò mọ́ dáadáa, èérí pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà sì ya pòkíì, ó ń pọ̀ sí i láìgbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá dá jíìnì náà padà sínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Bàbá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èérí ara rẹ̀! Bó ṣe ń dàgbà náà sì dínkù. Lọ́jọ́ tí mo kà á, ìdùnnú ò jẹ́ kí n jókòó.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ fi ìlà kan ṣoṣo sọ pé kókó kan yọ lábẹ́ etí yín òsì. Ìlà kan, Bàbá. Ẹ sì kọ odindi ojú ìwé lórí ewúrẹ́ Bàbá Bùkárì ọ̀rẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi kókó náà hàn wọ́n ní Ìlọrin.

Èmi ọmọ yín,
Morẹ́nikẹ́


Èsìẹ́
Ọjọ́ 7, Oṣù Kejì, 2000

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà nínú yìnyín yẹn? Màmá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ẹ̀wù méjì lò ń wọ̀ pọ̀. Bùkárì kí ọ. Ó ní ewúrẹ́ òun náà kí ọ, nítorí o rí ẹnu sọ nípa rẹ̀.

Mo ti lọ sí Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan nínú kókó náà. Dókítà ọ̀hún kéré lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n ó lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó gbọ́ pé mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Òrò, ńṣe ló dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn tó dìde ló wá sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ni. Má ké. Ó ní ó kéré, kò tíì rìn lọ ibòmíràn, kí n wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta kí òun gé e. Ó ní iṣan tó ń gbé ojú àti ẹnu ró gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kókó náà kò ṣe tíì tóbi, òun lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Láti Ìlọrin dé Ọ̀mù-Àrán, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà tí a gbà. Mo délé, mo bá lẹ́tà rẹ lórí tábìlì. Lọ́jọ́ kan náà! Mo kà á, mo tún un kà. Mo pe Bùkárì, mo kà á fún un. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní a-b-d ló ń sọ fún mi láti òkè òkun pé tí ebi bá pa sẹ́ẹ̀lì, yóò jẹ ìdọ̀tí inú ara rẹ̀. Kí ni Ìjọ ti ń sọ fún wa nípa ààwẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá? Ohun tí àwa fi ìgbàgbọ́ dì mú, ìwọ ti fi awò rí i.

Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Láti ọjọ́ náà títí di Àjíǹde ni màá gba ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ààwẹ̀ ojú ayé. Bí ebi bá ti pa kókó náà tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ gé? Mo sọ èyí fún Bùkárì. Ó ní, "Tíṣà, gbogbo ààwẹ̀ Ramadáànì tí mo ti gbà láti kékeré, kókó tó wà lórí mi yìí kò kúrò níbẹ̀." Mo ní kókó orí tirẹ̀ kì í ṣe àìsàn, olóríkunkun ni.

Màmá rẹ kò mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Mo ní wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, yóò lọ. Má sọ ohun tó yàtọ̀ fún un.

Ìwọ náà kò tíì sọ fún mi bóyá o ti rí ìjọ wa níbẹ̀. Oṣù karùn-ún rẹ nìyí o.

Bàbá rẹ,
Ignatius Awóyẹmí


Gilásígò
Ọjọ́ 1, Oṣù Kẹta, 2000

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé ìkíni mi kò pọ̀. Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà yín dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ààwẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà gé kókó náà lọ́jọ́ tó dá.

Mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń ta káàdì tẹlifóònù. Mo pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tó wà ní Ọ̀mù-Àrán títí tí káàdì fi tán. Ó ń dún bí ẹni pé omi ló ń hó nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó gbé e.

Bàbá, inú àwo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì mi wà. Wọn kò ní ọkàn tó ń lù, wọn kò ní ẹsẹ̀ tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn ìjọ. Tí ebi bá pa ènìyàn, gbogbo ara ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀: iṣan, ẹ̀jẹ̀, agbára tí ẹ fẹ́ fi kojú iṣẹ́ abẹ. Ebi kò mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó burú. Àti pé jíìnì tí mo sọ fún yín, nínú jẹjẹrẹ ló ti máa ń sọnù. Tí ẹ bá ń kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò níbẹ̀, ta ni yóò dá yín lóhùn?

Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, mi ò tíì la ẹnu bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ rí àfi tí òun bá kọ́kọ́ bi mí ní nǹkan. Ní ọjọ́ Ajé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi gbójú sókè. Mo sọ fún un pé bàbá mi ní jẹjẹrẹ, ó sì fẹ́ fi ebi pa á nítorí lẹ́tà tí mo kọ. Ó ní kí n jókòó. Ó ní kò tíì sí ẹni tó mọ gbogbo ọ̀nà tí nǹkan yìí ń gbà. Ó lè jẹ́ pé ohun kan náà tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń gbà á lọ́wọ́ ikú lẹ́yìn tó bá ti fìdí múlẹ̀, nítorí pé òun náà lè jẹ lára ara rẹ̀ kí ebi má baà pa á kú. Lẹ́yìn èyí ni mo gbé àwo méjì, sẹ́ẹ̀lì tó dára wà nínú ọ̀kan, ti jẹjẹrẹ wà nínú èkejì. Mi ò fún wọn lóúnjẹ. Láàárọ̀ yìí mo fi awò wò wọ́n. Àwọn tó dára ti ká jọ, púpọ̀ nínú wọn ti ṣí kúrò nílẹ̀ àwo. Ti jẹjẹrẹ rù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì di ilẹ̀ mú.

Àwo méjì péré ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nìyẹn.

Ní ti ìjọ, mo ti rí i. Mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Àìkú. Mi ò tíì wọlé. Gbogbo wọn ló mọ ara wọn.

Ẹ lọ sí Ìlọrin, Bàbá. Mo bẹ̀ yín.

Morẹ́nikẹ́


Èsìẹ́
Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹta, 2000

Morẹ́nikẹ́,

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa yóò ṣọ́ ọ. Mi ò tíì gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ rẹ, àfi kó jẹ́ pé ó wà lọ́nà. Mo kọ èyí kí o lè fi kún iṣẹ́ ìwádìí rẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú Eérú. Fadá fi eérú sí mi níwájú orí. Nígbà tí mo padà síbi tí mo jókòó sí, mo fi àtàǹpàkò gba díẹ̀ nínú rẹ̀, mo fi pa kókó náà. Ẹ̀kọ tútù ni mò ń mu lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì. Ní ọjọ́ Ẹtì, omi nìkan. Òwú kan wà tí mo fi ń wọn kókó náà yí po láràárọ̀. Morẹ́nikẹ́, òwú náà ń kúrú sí i! Mo fi han Bùkárì, ó ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Ó ń jowú ni.

Mo sọ ọ́ lẹ́yìn Mísà lónìí. Mo ní ọmọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń wo inú ara ènìyàn bí ẹni ń wo inú yàrá, ó sì ti rí i pé ààwẹ̀ ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Màmá Caroline ni wọ́n ń pe Màmá rẹ káàkiri báyìí, àwọn tí kò mọ orúkọ tí a fi sàmì fún ọ tẹ́lẹ̀ ti wá mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ku ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ní lọ. Mo ti ránṣẹ́ sí dókítà pé ọwọ́ mi dí.

Bàbá rẹ,
I. Awóyẹmí


Èsìẹ́
Ọjọ́ 21, Oṣù Kẹta, 2000

Morẹ́nikẹ́,

Èmi Rúùtù ìyá rẹ ni mo kọ èyí, má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kí ọ.

Bùkárì ló tú àṣírí bàbá rẹ fún mi. Ó wá bá mi lẹ́yìn ilé, ó ní, "Ìyàwó, mo ti bá ọkọ rẹ ṣe ọ̀rẹ́ láti ìgbà tí a ti jọ ń lé ẹyẹ lóko. Mi ò fẹ́ gbẹ́ sàréè nítorí agídí." Bí mo ṣe mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni nìyẹn. Ìwọ mọ̀. Bùkárì mọ̀. Bóyá ewúrẹ́ Bùkárì náà mọ̀. Èmi tí mo ń bá a sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, n ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tìyẹn ń bọ̀, kì í ṣe ti òní.

Lẹ́tà rẹ tí o fi ń bẹ̀ ẹ́ dé ní ọjọ́ Sátidé. Ó kà á, ó ká a. Ó ní, "Ní oṣù kìíní ó ní ebi ń fọ ara mọ́. Ní oṣù kẹta ó ní ebi ń fún àìsàn lágbára. Èwo ni kí n gbà? Èyí tó kọ nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni màá gbà, kì í ṣe èyí tó fi ẹkún kọ." Ó tún lọ mu omi rẹ̀.

Ṣòkòtò kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́, ó fi okùn so ó. Ní ọjọ́ Àìkú ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ìjọ. Ó ní òkúta ló gbé òun. Kò sí òkúta níbẹ̀, èmi ni mo gbá ibẹ̀. Ní ti òwú rẹ̀, nígbà tó sùn mo mú un, mo fi wọn kókó náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kókó náà kò kéré. Ó tóbi ju òwú lọ. Bàbá rẹ ló ń fa òwú náà le mọ́ ọn láràárọ̀, kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí lo rò tí o fi kọ ọ̀rọ̀ ebi sí bàbá rẹ? Ṣé o kò mọ̀ ọ́n ni? Ohun tí o bá sọ, Ìwé Mímọ́ ló máa ń gbé e tì. Ìwọ lo fi í sí i lórí, ìwọ ni kí o gbé e kúrò. Mi ò fẹ́ kí o bá a jiyàn, nítorí tíṣà kì í gbà fún ọmọ iléèwé rẹ̀. Wá ọ̀rọ̀ míì.

Ìyá rẹ


Gilásígò
Ọjọ́ 5, Oṣù Kẹrin, 2000

Bàbá mi,

Mo kí yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mi ò sunkún bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi, kò gbọ̀n.

Suliat, ọmọ Òrò tó ń kàwé ní Ẹdinbọ́rọ̀, ló mú lẹ́tà yìí wá fún yín. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo gbọ́ pé ó ń lọ sílé lọ́la, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a, mo kan ilẹ̀kùn àwọn tí mi ò mọ̀ títí mo fi rí tirẹ̀. Ó ní, "Ìwọ wo ni?" Mo ní, "Ọmọ Tíṣà Awóyẹmí, Èsìẹ́." Ó ní bàbá òun ṣì máa ń sọ̀rọ̀ pàṣán yín.

Màmá sọ ìbéèrè yín fún mi. Èwo ni kí ẹ gbà nínú lẹ́tà méjèèjì? Ẹ gba méjèèjì. Òtítọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ ní oṣù kìíní. Iṣu tó ṣì dára ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kó má baà rà. Ìdùnnú kò jẹ́ kí n rántí sọ̀rọ̀ iṣu tó ti rà. Ẹ̀yin sì ni ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn.

Bàbá, nínú gbogbo Sátidé tí mo fi gbé igbá eérú tẹ̀ lé yín, ṣé ẹ bu eérú lọ́wọ́ mi rí kí ẹ tó mú ọ̀bẹ?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀, èmi ni mo sì ṣe é. Ẹ wà lápá kejì àká, mo rí iṣu kan tó ní àpá dúdú kékeré lára. Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Mo bu eérú, mo fi pa àpá náà, ó mọ́ lójú mi. Nígbà tí ẹ dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ kò bú mi. Ẹ nu eérú náà kúrò, ẹ la iṣu náà sí méjì, ẹ gbé e sún mọ́ ojú mi. Ó ti dúdú dé àárín. Ẹ ní, "Wò ó. Abẹ́ eérú tìrẹ yìí ló wà tó ń jẹun." Lẹ́yìn náà ẹ gé ibi tó kù tó dára, ẹ na ọwọ́ sí mi, mo gbé igbá wá.

Fadá ti fi eérú sí yín lórí. Ẹ ti fi pa kókó náà pẹ̀lú. Ọ̀bẹ kò tíì kàn án.

Mi ò ní ọ̀rọ̀ ìwé kankan láti fi kún un. Tí ẹ bá ti jẹ́ kí wọ́n gé e, ẹ ó wá na ọwọ́ sí mi. Mo ṣì gbé igbá dání.

Morẹ́nikẹ́


Èsìẹ́
Ọjọ́ 11, Oṣù Kẹrin, 2000

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ.

Ọ̀kadà ló gbé Suliat wá láti Òrò ní ọjọ́ Sátidé. Mo ka lẹ́tà náà níwájú rẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì jáde lọ sínú àká. Iṣu kò pọ̀ níbẹ̀ mọ́ lásìkò yìí. Mo tẹ èyí tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ọ̀kan tó ti ń rà lórí, mo mú ọ̀bẹ, mo gé e, mo wá ń na ọwọ́ sẹ́yìn bí arìndìn. Kò sí ẹni tó gbé igbá. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Bùkárì ló wá mi kàn. Ó ní, "Tíṣà, ṣé o ti kú ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa, dìde, ìyàwó rẹ ti se ọbẹ̀."

Mo jẹun. Bùkárì jókòó tì mí kó lè rí i dájú, òun ló sì jẹ ẹran ibẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú mo dìde lẹ́yìn Mísà, mo sọ fún wọn pé ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí kò pé, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kókó lára kó lọ fi han dókítà, kó sì jẹun dáadáa kó tó lọ. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Fadá ti sọ fún mi láti Ọjọ́rú Eérú pé ààwẹ̀ kò di dandan fún aláìsàn. Mi ò kọ ìyẹn sí ọ.

Ní àná, èmi àti Màmá rẹ lọ sí Ìlọrin. Òun ló ní òun fẹ́ gbọ́ ọ fúnra òun. Dókítà kò dọ̀bálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹ kókó náà wò. Ó ní ó ti tóbi sí i. Ó ní èmi gan-an ti rù ju ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lọ, kí n lọ máa jẹun, kí n wá ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Ó ní òun yóò gbìyànjú láti gé gbogbo rẹ̀. Ní ti iṣan ojú tó sọ fún mi nígbà yẹn, kò lè ṣe ìlérí rẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé apá kan ojú mi yóò wọ́, kí ẹ̀rín mi máa ti apá ọ̀tún nìkan wá. Màmá rẹ ní kò burú, pé láyé mi n kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, Morẹ́nikẹ́. Mi ò sọ ọ́ fún wọn nílé.

Ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Lọ́jọ́ náà, má kàn kọjá níwájú ilé Ọlọ́run yẹn. Wọlé. Tí wọ́n bá mọ ara wọn, kí wọ́n wá mọ ìwọ náà.

Bàbá rẹ,
Ignatius


Gilásígò
Ọjọ́ 26, Oṣù Kẹrin, 2000

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Láàárọ̀ yìí ni lẹ́tà yín tó mi lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ ó bá fi ka èyí, dókítà á ti ṣe èyí tó lè ṣe. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mo ń kọ ọ́, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ti pe Ọ̀mù-Àrán, ó ṣì ń dún bí omi tó ń hó. Mo ro ojú yín wò pẹ̀lú ẹ̀rín tó ti apá kan wá. Apá ọ̀tún ni ẹ máa ń fi rẹ́rìn-ín tí ẹ kò bá fẹ́ kí àwa ọmọ iléèwé rí i. Èmi máa ń rí i. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló kù, màá mọ̀ ọ́n.

Arákùnrin tó ń jókòó sápá ọ̀tún mi bi mí lónìí ìdí tí mo fi ń wo ògiri. Mo sọ fún un. Ó ní ìyá òun náà ní jẹjẹrẹ lọ́dún tó kọjá. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wa nìyẹn.

Lọ́la, màá fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Màá ki ìgò bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, màá sì jẹ́ kí oúnjẹ máa sun wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ó yẹ kí n fi ebi pa wọ́n ni lọ́la, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé lọ́la, mi ò ní fi ebi pa ohunkóhun. Tí mo bá ti gbé wọn padà sínú ooru, màá wọ ẹ̀wù méjì, màá rìn lọ sí ìjọ yẹn. Màá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, màá wọlé. Mi ò ní jókòó sẹ́yìn.